Má Ra Ọkọ̀ Oníjókòó Méje Nítorí Tèmi

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo fi ń yangàn,

Mo mọ̀ pé bí o bá ṣe rí i pé lẹ́tà ni mo kọ, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni pé ara mi ò yá. Ara mi yá. Má pè mí. Jókòó, kà á tán, kí o tó gbé fóònù. Lórí fóònù, “Okay, Mummy” lo máa ń sọ kí n tó sọ ìdajì ohun tó wà lọ́kàn mi. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè sọ̀rọ̀ tí o kò ní já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kú oríire ilé tuntun ní Cedar Hill. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí kò bèèrè lọ́wọ́ mi, títí kan obìnrin tó ń gba owó lọ́wọ́ wa níbi tí mo ti ń ra ẹran. Ó ní òun náà bá mi yọ̀, ó wá bèèrè bóyá mo fẹ́ báàgì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lánàá, o sọ fún mi pé o ti pinnu, pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wàá padà sí ilé ìtà-ọkọ̀ yẹn, wàá sì fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ ńlá oníjókòó méje. O sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ yọ eyín. Mo ní “Ó dáa,” nítorí pé ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. Kò dáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, àlàyé ni gbogbo ìyókù.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ọjọ́ tí a lọ wa ọkọ̀ asáré mẹ́ta wò níbẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwọ lo wà lẹ́yìn sitiárín, nítorí náà o kò lè rí ara rẹ. Èmi rí ọ.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni ti Améríkà, èyí dúdú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn kí a tó tẹ̀ ẹ́ rárá. Ọmọkùnrin tó ń tà á fẹ́ kí n jókòó níwájú. Mo ní rárá o. Èmi ìyá àgbà, kí n lọ jókòó níwájú bí kọ̀ndọ́kítọ̀? Nílé, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìjókòó àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọlọ́kọ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ asáré kò ro ti àgbà mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Wọ́n tẹ ìjókòó iwájú síwájú, mo fi orí wọlé, ìdí tẹ̀ lé e, orúnkún mi sì kan àgbọ̀n mi. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ní, “You okay back there, ma'am?” Mo ní mo wà dáadáa, èmi tí mi ò lè mí.

Nítorí tèmi, o wa ọkọ̀ alágbára yẹn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Bó bá ti kù díẹ̀ kí o fi iná sí i, wàá wò mí nínú díńgí.

“Mọ́mì, ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín? Ṣé kí n rọra?”

Ọmọkùnrin yẹn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o tẹ̀ ẹ́ kí o lè mọ ohun tí ọkọ̀ náà lè ṣe, ìwọ ń wá ibi tí kò ti sí gegele. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ dì mí lápá tí ẹ fà mí jáde, bàtà mi kan kù sínú rẹ̀.

Èkejì ni ti Jámánì, èyí funfun, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ìyẹn bá mi lára mu. Ó tù mí débi pé mo sùn lọ díẹ̀. Ọmọ mi, ọkọ̀ asáré tí ìyá ẹni bá sùn nínú rẹ̀ nígbà tí à ń wà á wò, a kò tíì wà á wò.

Ẹ̀kẹta ni ti Japan, kékeré, búlúù, òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí a lè ká sẹ́yìn, ọwọ́ ni a sì fi ń yí jíà rẹ̀. Ìjókòó méjì ló ní, àwa sì jẹ́ mẹ́ta. Òfin wọn ni pé ọmọkùnrin náà gbọ́dọ̀ bá ọ lọ. Mo rí i lójú rẹ pé o ti fẹ́ sọ pé ká fi í sílẹ̀, torí pé ibi tí màmá rẹ ò bá lè wọ̀, ìwọ náà ò ní wọ̀ ọ́. Èmi ni mo lé yín lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìtà-ọkọ̀, mo ṣí agboòrùn mi.

Mo gbọ́ bí o ṣe jáde sójú títì. O ń yí jíà, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ náà ti fò tàbí tó ti gbọ̀n. Mo rántí ìgbà tí bàbá rẹ fi ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ wọn kọ́ ọ ní jíà ọlọ́wọ́ níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Arlington, tí o ń pa ẹ́ńjìnnì kú lójú gbogbo ìjọ. Mo tún rántí ìgbà tí o wà ní kékeré, tí wàá dúró sí bákóní wa ní Vickery Meadow, wàá di ojú, wàá máa dárúkọ ọkọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ láti inú ìró rẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré pẹ̀lú rẹ, tí èdè yín ò tíì papọ̀, á sáré lọ wò ó, wọ́n á sáré padà wá fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. O kì í sábà ṣì í.

Nígbà tí ẹ padà dé, òrùlé ti ká sẹ́yìn, irun rẹ ti dà rú, o ń rẹ́rìn-ín, o ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan fún ọmọkùnrin yẹn bí ẹni pé ìwọ lo fẹ́ ta ọkọ̀ fún un. O sọ̀ kalẹ̀, o yí ọkọ̀ náà ká, o fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. O ti gbàgbé pé mo wà lórí bẹ́ǹṣì. Inú mi dùn gan-an pé o gbàgbé mi.

Lẹ́yìn náà lo rí mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín yẹn lọ, ojú tí o máa ń mú lọ síbi iṣẹ́ ló rọ́pò rẹ̀. O ní, “It's not practical, Mummy. Ó kéré jù. Ta ló fẹ́ máa gbé àwọn èèyàn?”

Òótọ́ lo sọ. Láti ọjọ́ tí o ti gba láísẹ́ǹsì, o kò tíì ní ọkọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ lò ń fi ọkọ̀ ńlá wa gbé àlejò ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí o wà ní yunifásítì, ìwọ lò ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ ra oúnjẹ, torí pé Arlington kì í ṣe ibi téèyàn ti lè dúró de rélùwéè. Àwọn ìyá ìjọ ní nọ́ńbà rẹ ju ti pásítọ̀ lọ. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ, mo sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bi ọ́ pé níbo ni ìwọ gan-an fẹ́ lọ.

Mo pe bàbá rẹ nílùú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń bá àwọn bíríkìlà jà lójoojúmọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn.

“Ìjókòó mélòó?”

“Méjì ni.”

Wọ́n ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníjókòó méjì, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò lẹ́bí.”

Mo ní, “Alùpùpù tí ẹ ní kí ẹ tó fẹ́ mi ńkọ́? Ìjókòó mélòó ló ní?”

“Ìyẹn yàtọ̀. Òun ni mo fi ń wá ọ kiri.”

“Ẹ ò rí i pé méjì tó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn lójú. Bí bàbá rẹ bá ti rẹ́rìn-ín, ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ti gba ìdajì. Fi ìdajì kejì sílẹ̀ fún mi.

Wàyí o, ìmọ̀ràn.

Èkíní. Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́ mi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, kámẹ́rà ló wù mí. Mo ti rí i, mo ti gbé e lọ́wọ́, mo mọ ibi tí mo máa gbé e kọ́. Àǹtí mi kan ní obìnrin tó lọ́gbọ́n, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń rà. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tó ń ránṣọ? Bọ́tìnnì kan ni mo fi í gán, abẹ́rẹ́ sì gún mi níka. Wọ́n yìn mí ní gbogbo agbo ilé wa, èmi nìkan ni inú mi ò dùn. Àwọn àgbà ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Àwọn àgbà yẹn kan náà ló bí àǹtí mi, mi ò mọ ìdí tí kò fi gbọ́.

Mi ò sọ pé kí o di ojú ra ọkọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti bá ọ wò ó. Owó oṣù rẹ gbé e, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o ti yẹ̀ wò kí o tó mú mi dání, kò sì sí èyí tó ju agbára rẹ lọ nínú wọn. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni òrùlé aṣọ, torí pé yìnyín ìlú yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi aṣọ gbà. Ṣùgbọ́n ilé rẹ tuntun ní gáráàjì. Máa gbé e wọlé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ parí fíìmù.

Èkejì. Padà lọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí Sátidé yẹn tó dé, kí o má mú màmá rẹ dání. Ojú ọ̀nà kan náà ni kí o ti wà wọ́n, kí o lè fi wọ́n wéra bó ṣe yẹ. Gbé wọn gba ibi tí kọnkéré ti là, kí ìdí rẹ sọ fún ọ bí èyíkéyìí bá le jù. Gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù gogoro lórí fíríwéè, títì márosẹ̀ wọn yìí, kí o wò ó bóyá awakọ̀ rẹ̀ lè rí ọ, torí pé ti Japan yẹn kúrú, àwọn kan á máa wo òkè orí rẹ kọjá. Tan ẹ̀rọ amúlétutù lọ́sàn-án gangan. Béèrè nípa táyà àti òjò, nítorí táyà ẹ̀yìn ló ń ti búlúù yẹn lọ, kì í fẹ́ kéèyàn ki eré bọ títì tó tutù. Pe àwọn oníńṣọ́ráǹsì kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ti Améríkà lágbára jù, ṣùgbọ́n agbára tí a kò ní rí ibi lò láàárín Cedar Hill sí ibi iṣẹ́, ariwo lásán ni. Ti Jámánì ló gbọ́n jù, mo gbà. Bí o bá wà á láìsí èmi lẹ́yìn, tí o sì fẹ́ràn rẹ̀ ju búlúù yẹn lọ, rà á, mi ò ní sọ nǹkan kan. Kó ṣáà jẹ́ ìwọ lo yàn án.

Èyí tó kù ló ṣòro fún mi láti kọ.

O kò tíì béèrè rí ìdí tí mi ò fi ń wakọ̀ lórí fíríwéè. Bóyá o rò pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Améríkà, tí o ṣì wà lẹ́yìn nínú ìjókòó ọmọdé, bàbá rẹ ń kọ́ mi. Mo gun ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ fíríwéè, mo dé ibi tó yẹ kí n ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀. Mo ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ ń ṣe nílé. Mo dúró. Mo na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, mo ń juwọ́ sí wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè, ó yà bàrá, ó kù díẹ̀ kó gbá wa bó ṣe ń kọjá. Ìwọ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ kò bínú. Wọ́n kàn ní, “Bọ́ sí ibí, jẹ́ n wà á,” a pààrọ̀ ìjókòó létí ọ̀nà, mi ò sì padà sí ìjókòó awakọ̀ lórí fíríwéè mọ́.

Àṣìṣe mi kọ́ ni pé mo dúró. Àṣìṣe mi ni pé ara tù mí nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, mo wá sọ ìtura ọjọ́ kan di ìgbé ayé. Ọkọ̀ kékeré mi kò kọjá ọ̀nà ọsíbítù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá rẹ gbé mi lọ sí ibi yòókù títí wọ́n fi lọ sílé, ìwọ sì gbà á lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé o kọ iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn kí o tó gba èyí. O sọ pé o ò fẹ́ràn ibẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó gbà ọ́ gbọ́.

Kì í ṣe àlejò tàbí àwọn ìyá ìjọ lo fẹ́ ra ìjókòó méje fún. Èmi ni. O fẹ́ kí n máa rí ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún jókòó sí títí ayé mi. Mo dúpẹ́, ọmọ mi, mo sì sunkún díẹ̀ nígbà tó yé mi. Mi ò fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kejì tí a ti ibi ìtà-ọkọ̀ yẹn dé, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Àlàájà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, èyí tó máa ń wakọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lórí fíríwéè bí ẹni ń lọ sí kíṣìnnì. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn lọ mú bàtà wọn. Láti ìgbà náà, ní gbogbo òwúrọ̀ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, tí wọ́n bá ti kírun tán, ọkọ̀ kékeré mi la fi ń jáde kí títì tó kún.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dé ibi tí mo ti dúró láyé ọjọ́sí, ọwọ́ mi sì ti ń lọ sójú fèrèsé fúnra rẹ̀.

Àlàájà ní, “Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ta lẹ̀ ń juwọ́ sí? Ta ló mọ̀ yín níbẹ̀? Ẹ ti gíláàsì. Ẹ wo díńgí, ẹ fi iná sí i.”

“Àlàájà, wọ́n ń bọ̀.”

“Wọ́n á máa bọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá wọn lọ.”

Èmi ń pe Jésù, Àlàájà ń ṣe bísímílàhí, a sì wọlé. Ẹnikẹ́ni ò fọn fèrè. Àbẹ̀kẹ́, mo fi iná sí i, ọkọ̀ kékeré yẹn dáhùn, nǹkan kan sì ṣí láyà mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí o rí nínú búlúù yẹn. Àlàájà ní kí n rọra, pé kíkọ́ ni a wá kọ́, kì í ṣe ìdíje.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ọkọ̀ ńlá wa tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, táyà ló fẹ́. Gbé e padà wá fún mi. Èmi ni màá máa lọ gbé àlejò báyìí, kí àwọn ìyá ìjọ sì gba nọ́ńbà mi. Tí ẹ̀rù bá bà wọ́n láti wọ ọkọ̀ mi, ìgbàgbọ́ wọn la máa fi mọ̀.

Ọkọ̀ tí o bá yàn, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ lò ó. Kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Kò ní já ọ kulẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tó bá gbé ọ lọ, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀, wàá sì máa rántí ọ̀nà ilé. Tí o bá fẹ́ gbé mi lọ́jọ́ kan fún afẹ́, màá jókòó níwájú, màá di gèlè mi le.

Má wá gbé mi ní Sátidé. Bá mi níbi ìtà-ọkọ̀. Fíríwéè ni màá gbà wá, èmi nìkan.

Ìyá rẹ ni.